Ìjókòó Tí Wọ́n Tọ́jú De Bàbá Paramọ́lẹ̀

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má kígbe "Halelúyà" títí n ó fi sọ̀rọ̀ yìí tán. Kò sí ohun tí a ó pàtẹ́wọ́ fún níbẹ̀. Wòlíì ní kí n bọ́ síwájú kí n sọ ìran tí mo rí lọ́jọ́rú, mo sì fẹ́ sọ ọ́ bí mo ṣe rí i.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ mí. Èmi Ìsọlá ni Bàbá Paramọ́lẹ̀ inú ìwé eré aláwòrán tí ẹ máa ń rà nígbà kan. Wọn a ya fọ́tò wa, wọn a wá kọ ọ̀rọ̀ sí wa lẹ́nu. Èmi ni ọ̀daràn tó ń rán ejò sí àwọn ènìyàn. Ejò gidi sì ni, kì í ṣe ti rọ́bà. Bí a bá ti fẹ́ ya fọ́tò, mo máa ń yọ eyín wọn, torí pé eyín paramọ́lẹ̀ kì í pẹ́ hù padà. Kò sí ẹni tó mọ ìyẹn jù mí lọ ládùúgbò yìí.

Ẹ sì mọ Àbẹ̀ní, ìyàwó kékeré Bàbá Ṣèyí. Òun ló dá jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn yẹn. Ẹ rántí pé ejò bu ìyáálé rẹ̀, Ìyá Ṣèyí, jẹ nínú agbọ̀n aṣọ, ó sì kú. Àbẹ̀ní ló ká aṣọ sínú agbọ̀n náà lọ́jọ́ yẹn, ni ẹ bá ní òun ló fi ejò sí i. Ọkọ rẹ̀ lé e jáde. Títí di òní, ẹ ò jẹ́ gba omi mu lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni ìran yìí dá lé.

Lẹ́yìn ikú yẹn ni mo bẹ olóòtú ìwé wa pé kí ó jẹ́ kí Bàbá Paramọ́lẹ̀ máa yí padà. Díẹ̀díẹ̀ la ṣe é. Nínú ìwé kan, mo gba ọmọ kan lẹ́nu ejò tèmi fúnra mi. Nínú òmíràn, mo tú gbogbo wọn sílẹ̀ nínú igbó. Nígbà tó yá, mo kúnlẹ̀ lójú títì, mo ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo ìlú. Ẹ sunkún. Ẹ ń dì mọ́ mi lọ́nà. Mo fi ejò sílẹ̀ lóòótọ́, mo dara pọ̀ mọ́ ìjọ, ẹ ní kí n máa lu agogo. Inú mi kò dùn, kò sì bàjẹ́. Mo kàn ń lu agogo ni.

Lọ́jọ́rú, lẹ́yìn àdúrà ọ̀sán, mo ka Sáàmù mi tán, mo na ara mi sórí ẹní nítòsí pẹpẹ. Bí oorun ṣe gbé mi báyìí, ọkùnrin aláṣọ funfun kan fọwọ́ kàn mí léjìká. Ó ní, "Ìsọlá, dìde." Mo bi í pé níbo là ń lọ. Ó ní kí n ṣáà máa bọ̀.

A rìn títí a fi dé pápá kan tí eruku pupa bò. Mo rí onílé kan tó ru páànù, páànù lórí páànù, ọrùn rẹ̀ ti wọnú àyà. Afinimọ̀nà mi ní, "Òun ló ń ṣí òrùlé lórí àwọn opó nígbà òjò." Mo rí ọkùnrin kan àti obìnrin kan tí wọ́n so ẹ̀yìn wọn pọ̀. Wọ́n ń kan ilẹ̀kùn ilé wọn, àwọn ará ilé ń dáhùn láti inú pé àwọn ò mọ̀ wọ́n. Ó ní, "Alágbèrè." Mo rí àwọn tó la ẹnu, tí iná ń jáde níbẹ̀ dípò ọ̀rọ̀, wọn ò sì lè pa ẹnu náà dé. Kò sọ àwọn wo nìyẹn fún mi. Mo ti mọ̀ wọ́n: àwọn abanijẹ́ ni.

Ó yẹ kí ẹ̀rù bà mí. Kò bà mí. Mo ń wò wọ́n bí ẹni ń wo ọkọ̀ tó ń kọjá. Ó bi mí pé, "Ṣé ó ń dùn ọ́?" Mo ní, "Rárá, sà." Ó mi orí. Ó ní, "Ibi tí ìyà tìrẹ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn."

Ó mú mi dé etí kòtò kan, mo bẹjú wò ó, ìjókòó kan wà nísàlẹ̀, wọ́n ti nù ún mọ́ tónítóní, kò sí ẹni lórí rẹ̀, mo fẹ́ bi í léèrè, àfi bí ilẹ̀ ṣe yẹ̀ lábẹ́ mi, mo bá ara mi lórí ìjókòó náà, ni paramọ́lẹ̀ bá ń bọ̀, wọ́n ń bọ̀ lápá ọ̀tún, wọ́n ń bọ̀ lápá òsì, mo pariwo "Ẹ padà!" bí mo ṣe máa ń wí nínú ìwé, ta ló dá mi lóhùn, wọ́n gun ẹsẹ̀ mi, wọ́n gun àyà mi, wọ́n bù mí jẹ, wọ́n tún bù mí jẹ, mo rí eyín wọn tó ń wọ ẹran ara mi, mi ò gbọ́ ìrora kankan, Jésù, mi ò gbọ́ nǹkan kan!

Afinimọ̀nà dúró lókè. Ó ní, "Ta ló fi ejò sínú agbọ̀n?"

Mo ní, "Èmi ni."

Ẹ dákẹ́, ẹ jẹ́ kí n parí rẹ̀. Ìyá Ṣèyí ló pè mí ní eléjò tí ejò rẹ̀ ò léyín lójú àwọn ọmọ àdúgbò, wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín títí. Mo fẹ́ kí òun náà ta gìrì, kó sá jáde, kí wọ́n fi òun náà rẹ́rìn-ín. Mo ju paramọ́lẹ̀ kan sínú agbọ̀n rẹ̀. Mo ti yọ eyín rẹ̀ tẹ́lẹ̀, àmọ́ ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan, mi ò sì la ẹnu rẹ̀ wò bóyá eyín ti hù padà. Ìwọ̀nba ohun tó kù kí n ṣe nìyẹn, mi ò ṣe é.

Ó fà mí jáde nínú kòtò. A dé ibì kan tó tutù, tó dákẹ́. Àwọn olóòótọ́ wà níbẹ̀, wọ́n na ẹsẹ̀, kò sí ẹni tó ń kánjú. Ìyá Ṣèyí wà láàárín wọn, ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú nígbà náà ti sàn. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Ìsọlá, ìyàwó mi ńkọ́?"

Mo ní, "Àlàáfíà ló wà, mà."

Ó ní, "O tún ń purọ́ dé ibí?" Kò pariwo. Ó ní, "Tèmi, mo ti dárí jì ọ́ tipẹ́. Ti ìyàwó mi kò sí lọ́wọ́ mi. Lọ bá a."

Bí mo ṣe jí nìyẹn.

Bàbá Ṣèyí, ẹ má wolẹ̀. Ìyàwó yín ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Àbẹ̀ní, èmi ni. Mo rí ẹ nígbà tí wọ́n ń ju ẹrù rẹ síta. Mo wà lójú fèrèsé mi, mo sì ti fèrèsé náà.

Mo rò pé bí mo bá ti sọ ọ́ tán, omi á bọ́ lójú mi. Ẹ ṣáà ń wò mí, kò bọ́. Ẹ̀yin tí ẹ bá ní irú tèmi nínú, ẹ sọ ọ́ lónìí, nígbà tó ṣì ń dùn yín.