Ẹní Tí Mo Ká Lórí Tuiloma

Ẹ má tíì ká ẹní yìí kúrò lórí mi. Mo mọ̀ pé àánú mi ń ṣe yín, ẹ̀yin ará ilé Tuiloma, nítorí mo gbọ́ tí ẹnìkan nínú yín sọ pé, "Arúgbó mà nìyẹn, oòrùn á pa á." Ẹ jẹ́ kí oòrùn pa á díẹ̀. Dókítà ti sọ fún mi pé ọkàn mi ti rẹ̀, pé bí mo bá ní ọ̀rọ̀ láti sọ, kí n má fi dọ̀la. Èmi Eseta, tí ẹ mọ̀ sí ìyá ẹgbẹ́ akọrin, èmi tí mo kọ́ ọ̀pọ̀ nínú yín ní ẹsẹ Bíbélì nígbà tí ẹ kò tíì lè so okùn bàtà, mo jókòó sábẹ́ ẹní níwájú ilé yín láti òwúrọ̀, bí ẹlẹ́bi ti í ṣe nílẹ̀ wa, nítorí ohun kan wà tí mo ṣe ní Ọsirélíà nígbà tí mo wà lọ́mọge. Mo sì tún ṣe èyí tó burú jù ú lọ nínú abúlé erékùṣù wa yìí, lójú gbogbo ènìyàn, ẹ sì yìn mí fún un.

Ẹ̀yin àgbà rántí bí mo ṣe lọ. Àlùfáà tó wà níhìn-ín nígbà náà ní ojúlùmọ̀ ní ìlú Toowoomba ní Ọsirélíà, tọkọtaya tó ń wá ọmọbìnrin onígbàgbọ́ tí yóò máa gbé ọ̀dọ̀ wọn, tí yóò máa bá wọn tọ́mọ, tí wọn yóò sì kà sí ọmọ ilé. Bàbá mi fi orúkọ rẹ̀ dúró fún mi. Gbogbo ìjọ gbàdúrà lé mi lórí, ìyá mi sì ń sọ fún ẹni tó gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ pé Eseta òun ń lọ sókè òkun.

Nígbà tí mo débẹ̀, ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù kì í ṣe òtútù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oṣù keje ni, ìgbà òtútù tiwọn, tí èémí ẹnu mi ń rú bí èéfín. Ilẹ̀kùn ni. Ilé tí wọ́n bí mi sí kò ní ògiri. Òpó ni àti òrùlé. Ẹni tó ń kọjá á rí wa, a ó sì pè é kó wá jẹun. Ní ilé Merrin, ìyá tí mo lọ bá gbé, yàrá kọ̀ọ̀kan ló nílẹ̀kùn, ẹnikẹ́ni kì í sì í pe ẹni tó ń kọjá. Wọ́n fún mi ní yàrá tèmi nìkan. Mo jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń rò ó pé kí ni mo ṣe tí wọ́n fi yà mí sọ́tọ̀. Ajá wọn sùn sórí àga ìrọ̀gbọ̀kú. Èmi rọra jókòó sílẹ̀. Ọmọ wọn, Tess, tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ, ní, "Merrin, fún mi lómi." Ìyá tó bí i ló ń pè lórúkọ bẹ́ẹ̀. Mo dúró kí àbàrá dún. Àbàrá ò dún. Ìyá rẹ́rìn-ín, ó sì bu omi fún un. Nígbà tí èmi pè é ní "Mà," ó ní, "Eseta, má sọ mí di arúgbó o. Merrin ni mò ń jẹ́." Ó pẹ́ kí n tó lè pè é ní ohunkóhun. Bí ilẹ̀ bá sì ń ṣú, ní àkókò tí wọ́n máa ń fọn ìkarahun níhìn-ín kí gbogbo ilé lè dákẹ́ fún àdúrà, ìgbà yẹn ni wọ́n ń tan tẹlifíṣọ̀n lọ́hùn-ún. Èmi nìkan á máa rọra kọ orin mi sínú ìrọ̀rí.

Síbẹ̀, èèyàn dáadáa ni Merrin. Òfin kan ló gbé lé mi lọ́wọ́ bí ẹni gbé ẹyin léni lọ́wọ́. Adágún tí wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé, ọgbà irin yí i ká, géètì ọgbà náà kò sì gbọdọ̀ wà ní ṣíṣí. "Láéláé, Eseta. Gbọ́ kó dún kí o tó yí ẹ̀yìn padà." Mo ní mo ti gbọ́. Nínú ọkàn mi, mò ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Àwa tí wọ́n bí sétí òkun, ta ló fi irin yí òkun ká nítorí ọmọ?

Nígbà tí Merrin bí ọmọ kejì, ó ní kí n bá òun wá ẹnìkan sí i. Mo dárúkọ Fuatino, ọmọ Tuiloma, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń jẹun nínú abọ́ kan. Bàbá mi tún fi orúkọ rẹ̀ dúró. Fuatino ti fi ilé ìwé sílẹ̀ láti tọ́jú ìyá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn, kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ju "ẹ káàárọ̀" àti "ẹ ṣé" lọ. Ẹnu mi ló fi ń sọ̀rọ̀, etí mi ló fi ń gbọ́. Ní ọjọ́ tó dé, ó wo ajá lórí àga, ó ní, "Eseta, ibi iṣẹ́ wo lèyí ti ń bọ̀ tó fi rẹ̀ ẹ́ báyìí?" Mo ní, "Dákẹ́, ọ̀gá wa nìyẹn." A rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú wa. Inú mi dùn gan-an pé ó wá. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, Tess kò jẹun lọ́wọ́ mi mọ́. Fuatino ló ń fẹ́. Fuatino kọ orin wa fún un, ọmọ òyìnbó náà sì ń bá a gbè é. Merrin ní, "Ẹ wo bí ọwọ́ ọmọbìnrin yìí ṣe tutù tó." Èmi ni mo sọ ọ̀rọ̀ náà fún Fuatino ní èdè wa, mo sì gé e kù. Mo ní, "Ó ní o gbìyànjú."

Ní ọjọ́ tí mò ń wí yìí, mò ń sá aṣọ. Okùn aṣọ wà ní òdìkejì ọgbà irin, aṣọ tútù sì kún ọwọ́ mi. Ó sú mi kí n máa ṣí, kí n máa tì, bí ẹni tó wà lẹ́wọ̀n. Mo gbé àga kékeré kan ti géètì kó má bàa padé. Nílé wa, ta ló ń ti ọ̀nà? Tẹlifóònù dún. Ìyá mi ni, ó wà nílé àlùfáà, ó ń béèrè bóyá mo ti sanra. Mo wọlé, mo gbàgbé àga náà, mo jókòó ti ìròyìn ilé. Fuatino ń fún ọmọ kékeré lóúnjẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Òun ló rí fìlà Tess lójú omi. Ó gbé ọmọ kékeré sílẹ̀, ó sáré, ó bẹ́ sínú adágún náà pẹ̀lú aṣọ lọ́rùn, ó yọ ọmọ, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó ń lù ú lẹ́yìn, ó ń ké pe Jésù, títí ọmọ fi wúkọ́, tó sì sunkún.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe. Mi ò sáré lọ sọ́dọ̀ ọmọ. Àga ni mo sáré gbé kúrò.

Merrin dé, ó rí ilẹ̀ tó tutù, ó rí ọmọ nínú aṣọ ìnura. Ojú rẹ̀ funfun bí eérú. Ó ní, "Ta ló fi géètì sílẹ̀ ní ṣíṣí?" Gbogbo ohun tí ìyá mi ti fi yangàn lábúlé rú lọ sókè nínú mi: àdúrà yín, orin yín, ìtìjú tí yóò bá mi bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú. Mo ní, "Fuatino ni." Fuatino dúró ní ẹ̀gbẹ́ mi, omi ń kán lára rẹ̀. Ó gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ó rò pé mò ń sọ ẹni tó yọ ọmọ. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí Merrin, ó sì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tó dá a lẹ́bi nìyẹn, ẹ̀yin ènìyàn mi: orí tó mì nítorí pé ó gbẹ́kẹ̀ lé mi. Àkùkọ kì í kọ ní àdúgbò náà. Bóyá bí ọ̀kan bá kọ ni, ǹ bá sunkún.

Wọ́n ní kó máa lọ sílé. Ní pápákọ̀ òfuurufú, ó ní, "Eseta, kí ni mo ṣe wọ́n?" Mo ní, "O ò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Ẹ̀rù ló bà wọ́n. Òyìnbó tí ẹ̀rù bá bà, ẹni tó bá sún mọ́ ọn jù ló ń lé." Ó ní, "Ṣé o bá mi bẹ̀ wọ́n?" Mo ní, "Mo bẹ̀ wọ́n títí." Ó fi imú kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi bí àwa ṣe máa ń dágbére, ó ní, "Ọlọ́run á san án fún ọ." Ó ti ń san án.

Mo sì tún sọ irọ́ kan náà fún ìyá mi lórí tẹlifóònù, bó ṣe di ọ̀rọ̀ abúlé nìyẹn: ọmọ Tuiloma fẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ, ó ba orúkọ tí bàbá Eseta fi dúró fún un jẹ́, wọn kò ní í gba ọmọbìnrin mìíràn láti ọ̀dọ̀ wa mọ́. Ní Kérésìmesì, Merrin ní kí n wá kí yín. Mo sùn sílé bàbá mi. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹnìkan jókòó síta níwájú ilé wa, ẹní àtàtà ilé Tuiloma bò ó láti orí dé ẹsẹ̀, irú èyí tí ìyá àgbà fi ọdún gbọọrọ hun. Tuiloma ni, agbẹnusọ abúlé yìí, ẹni tó jẹ́ pé bó bá dìde pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, àwọn olóyè á dákẹ́. Ẹni tó bá wà lábẹ́ ẹní ti fi orí rẹ̀ lé ọwọ́ ẹni tí òun ṣẹ̀, ìdáríjì ni o, ikú ni o. Èmi náà sì wà níbẹ̀ báyìí, mo mọ bí ó ṣe ṣókùnkùn tó.

Bàbá mi sunkún. Ó ní, "Eseta, ìwọ ni wọ́n dójú tì jù lọ lọ́hùn-ún. Lọ ká a fúnra rẹ." Ǹ bá ti sọ̀rọ̀ nígbà náà. Gbogbo yín dúró, ẹnu mi wà lára mi. Mo rìn lọ bá a, mo sì ká ẹní kúrò lórí aláìṣẹ̀. Mo dárí jì í. Ẹ gbọ́ o: èmi ni mo dárí jì í. Ó gbójú sókè, oòrùn mú un lójú, ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi." Ẹ pàtẹ́wọ́. Ìyàwó àlùfáà ní ọmọ rere ni mí. Fuatino dúró lẹ́yìn bàbá rẹ̀, ó wo ojú mi, mo sì rí i tí ohun gbogbo yé e. Kò sọ ọ́ jáde. Bó bá sọ̀rọ̀, ta ni yóò gbà á gbọ́? Ní ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó dìde lórí bẹ́ǹṣì tí a jọ máa ń jókòó sí nínú ìjọ, ó lọ jókòó sẹ́yìn, kò sì padà wá títí dòní. Tuiloma kò dìde sọ̀rọ̀ nínú ìgbìmọ̀ mọ́. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ó kú láìmọ̀ pé ọmọ òun ló gba ẹ̀mí là.

Ẹ dá orúkọ Tuiloma padà fún un. Ohun tí mo wá tọrọ ṣáájú ìdáríjì nìyẹn. Ẹ sọ ọ́ nínú ìgbìmọ̀, ẹ sọ ọ́ lórí ibojì rẹ̀, ẹ sọ ọ́ fún àwọn ọmọ tí ń ṣeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Àti ẹ̀yin ọmọbìnrin tí ẹ ń múra àtilọ tọ́mọ fún ọlọ́mọ nílẹ̀ òkèèrè, mo mọ̀ pé ẹ wà níbí, mo ń gbọ́ ohùn yín. Òtútù ibẹ̀ kò ní í pa yín. Yàrá tí ẹ ó dá gbé kò ní í pa yín. Ṣùgbọ́n bó bá di ọjọ́ tí wọ́n bi yín pé, "Ta ló ṣe é?", ẹ dárúkọ ara yín. Ìtìjú tí mo sá fún lọ́mọge, òun ni mo ń gbé bọ̀ lárúgbó, ó sì ti wúwo ju bí ó ti wà lọ.

Mo ń gbọ́ ìrìn ẹsẹ̀. Láti abẹ́ etí ẹní, mo rí ẹsẹ̀ obìnrin kan tó dúró. Fuatino, bó bá jẹ́ ìwọ ni, má tíì ká a. Mo yára ká ti bàbá rẹ jù, kò sì sí ẹni tó gbọ́ òtítọ́ kí n tó ká a. Sọ̀rọ̀ ná. Ọjọ́ kìn-ín-ní lo ti jẹ́ kí n máa fi ẹnu mi sọ̀rọ̀ fún ọ. Lónìí, fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́, lójú gbogbo wọn. Bú mi bó bá jẹ́ èébú ni. Bó o bá sọ tán, tó o sì fẹ́, ká a. Bó ò bá fẹ́, padà sínú ilé, ọ̀rẹ́ mi. Èmi ò ní í dìde.