Èsì Àyẹ̀wò Tí Kò Dé Ọwọ́ Aránṣọ

Mo ti ṣí ìwé ìbuwọ́lù lé obìnrin náà nítan lórí bẹ́ẹ̀dì kí ó tó béèrè ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. "Baba Fáìlì, kí lẹ ní kí n buwọ́ lù?" Mo ní, "Ti fáìlì rẹ ni. Kí wọ́n lè mọ̀ pé o wà ní wọ́ọ̀dù." Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ibo ni mo tún fẹ́ wà? Àbí ẹ rò pé mo ti lọ sóde ijó?" Ó gba bírò lọ́wọ́ mi, ó buwọ́ lu ibi tí mo fi ìka sí. Kò wo ọjọ́ tí mo ti kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn ni ọjọ́ náà.

Ọdún mọ́kàndínlógún nìyí tí mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí mì. Dókítà ti sọ fún mi pé kíndìnrín mi méjèèjì ti daṣẹ́ sílẹ̀. N kò fẹ́ gbé e wọ inú ilẹ̀. N kò ní bù mọ́ ọn, n kò sì ní yọ kúrò níbẹ̀.

Yàrá fáìlì ilé ìwòsàn ni mo ti ṣiṣẹ́. Èsì á wá láti yàrá àyẹ̀wò, èmi á wo nọ́ńbà káàdì tó wà lórí rẹ̀, n ó sì fi í sínú fáìlì ẹni tó ni ín. Ẹni tó bá fẹ́ gba tirẹ̀ lọ́wọ́ á buwọ́ lu ìwé. Èyí tí kò bá ní nọ́ńbà, inú páálí kan lábẹ́ tábìlì mi ló ń lọ. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ló yẹ kí n tú páálí náà, kí n fi orúkọ wá fáìlì wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. N kì í tú u. Orúnkún ń dùn mí, pẹpẹ fáìlì sì ga. Àwáwí nìyẹn. Ọ̀lẹ ni mí. Mo tún ní àṣà kan tí àwọn ọ̀gá fi ń yìn mí: mo máa ń fi ìlà kan sílẹ̀ nísàlẹ̀ gbogbo ojú ìwé, nítorí ẹni tó bá gba èsì tó sì gbàgbé láti buwọ́ lù ú. Tó bá padà wá, àyè rẹ̀ á ti wà.

Aránṣọ ni obìnrin náà. Kókó kan yọ sí i lọ́mú, wọ́n sì gé díẹ̀ lára rẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló wá béèrè èsì. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó fi ìgbọ̀nwọ́ ti kántà mi, ó ní, "Baba Fáìlì, àbí ẹ ti fi èsì mi nu tábìlì ni?" Mo ní, "Kò tíì dé. Tó bá jẹ́ nǹkan burúkú ni, wọn ì bá ti wá ọ wálé." Ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó lọ. Èsì náà wà nínú páálí lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀. N kò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò.

Nígbà tí wọ́n gbé e padà wá, jẹjẹrẹ náà ti wọ egungun. Dókítà ránṣẹ́ sí yàrá àyẹ̀wò, wọ́n ní àwọn ti fi èsì ránṣẹ́ láti oṣù mẹ́jọ. Mo tú páálí. Òun ni ìkẹrin láti ìsàlẹ̀. Mo kì í bọ àpò ṣòkòtò.

Ọkọ rẹ̀, kápẹ́ńtà, gba lọ́yà. Wọ́n pe ilé ìwòsàn lẹ́jọ́ pé ìdádúró èsì ló sọ àìsàn tó ṣeé wò di èyí tí kò gbóògùn mọ́. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ọ̀gá àgbà wa pè mí, ó ti ilẹ̀kùn. "Ṣé obìnrin yẹn gba èsì rẹ̀?" Mo ní kò gbà á. Ó ní, "Mi ò gbọ́. Lọ wo ìwé rẹ dáadáa kó o tó dá mi lóhùn. Ọdún méjì ló kù kó o fẹ̀yìn tì." Mo wo ìwé. Ìlà ìsàlẹ̀ ṣófo ní ojú ewé oṣù náà. Ìgbà yẹn ni mo gbé e lọ sí wọ́ọ̀dù. Bí mo ṣe padà dé, mo fa èsì náà ya.

Ní kóòtù, lọ́yà wa gbé ìwé náà fún kápẹ́ńtà. "Ṣé ìbuwọ́lù ìyàwó yín rè é?" Ó wò ó títí. Ó ní, "Òun ni."

Ó bá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò pariwo. Ó ní, "Bàbá, ẹ gbàgbé kóòtù. Èmi àtẹ̀yin nìkan ló wà níbí. Ìyàwó mi ní ẹ gbé ìwé kan wá bá òun lórí bẹ́ẹ̀dì. Ṣé lóòótọ́ ni?" Ká ní mo sọ òtítọ́ níbẹ̀ ni, ì bá ti tó. Mo ní, "Oògùn ìrora tí wọ́n ń fún un ni. Ó máa ń jẹ́ kí wọ́n rí ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Ó gba èsì rẹ̀, ọmọ mi. Bóyá kò fẹ́ kó ẹ lọ́kàn sókè ni." Mo pè é ní ọmọ mi.

Nọ́ọ̀sì ló sọ ìyókù fún mi. Ọkọ dúró níbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó ní, "Kí ni mo fi ṣẹ̀ ẹ́ tó o fi pa á mọ́ fún mi?" Ìyàwó ní, "Mi ò gba nǹkan kan." Ọkọ ní, "Mo mọ ọwọ́ ẹ." Obìnrin náà yíjú sí ògiri. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló lò sí i kó tó kú, ọkọ rẹ̀ kò padà wá. Ó ní kí lọ́yà fa ẹjọ́ náà kúrò, pé ìyàwó òun ló pa ara rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ jókòó síbi iṣẹ́ tí mo fi sílẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò kí ẹ tó sọ pé kò tíì dé. Bí ẹ bá sì ti ṣàṣìṣe, ẹ jẹ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Ó ṣì kéré lọ́jọ́ náà.

Lóṣù tó kọjá, mo lọ sílé kápẹ́ńtà. Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin ló ṣílẹ̀kùn. Ó ní bàbá òun ti kú láti ọdún márùn-ún. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un lẹ́nu ọ̀nà, nítorí kò ní kí n wọlé. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí jì mí. Ó ní, "Bàbá wa kó gbogbo fọ́tò màmá wa sun. Ẹ lọ kọ ọ́ sílẹ̀." Ó ti ilẹ̀kùn. Mo ti kọ ọ́. Mo ṣì ń bẹ̀ ẹ́.

Ọmọ mẹ́ta ló kù nínú ilé náà. Àbíkẹ́yìn ti pé ogún ọdún, kò sì mọ bí ojú ìyá rẹ̀ ṣe rí.