Oògùn Inú Àpótí Ìwé Orin

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, mo ti bẹ Bàbá Díákónì kí wọ́n ka lẹ́tà yìí sí etígbọ̀ọ́ gbogbo ìjọ, kí wọ́n má sì fo ìlà kan. Dókítà ní ọkàn mi ti rẹ̀. Èmi Túnbọ̀sún Oyèwọlé, Bàbá Ìjọ yín, kò fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí dé iwájú Ẹlẹ́dàá kí ẹ̀yin tó gbọ́ ọ.

Gbogbo yín lẹ mọ ẹ̀rí tí mo jẹ́ nígbà ìkórè, pé Bólúwadúró ọmọ mi, tó ń bá ògiri sọ̀rọ̀, tó ń sá fún oúnjẹ ìyá rẹ̀ pé májèlé wà nínú rẹ̀, gba ìwòsàn lẹ́yìn ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ méje. Ẹ jó, ẹ yọ̀. A gba ààwẹ̀ náà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí n kò sọ ni pé mo ti gbé e kọjá bodè lọ sọ́dọ̀ dókítà kan ní Àjàṣẹ́, ó sì ti lo oògùn fún oṣù mẹ́ta kí a tó bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀. Ẹ̀ ń rò pé àna mi ni mò ń lọ kí lóṣooṣù. Inú àpótí ìwé orin ni mo ń fi oògùn náà pamọ́ sí. Èdè Faransé ni wọ́n kọ sára páálí rẹ̀, Bólúwadúró a sì máa fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Bàbá, ẹ gbé bísíkíìtì Faransé mi wá o." Àwa méjèèjì a rẹ́rìn-ín. Ẹ wo ẹ̀rín àgbà òpùrọ́! Mo ń sọ fún ara mi pé bí mo bá dárúkọ oògùn, ògo Ọlọ́run á dín kù. Irọ́ ni. Ògo tèmi ni mo ń ṣọ́.

Ọdún 2019 ni ìjọba ti bodè pa. Kò pẹ́ ni wọ́n ní kí wọ́n má gbé epo wá sí àwọn ìlú ẹ̀bá bodè mọ́. Oògùn Bólúwadúró ku páálí mẹ́rin. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Málọmọ́, ìyá Ìtẹ́olúwakìíṣí, wá bá mi nílé. Ọmọ náà ló ń kọ ohùn òkè nínú akọrin wa. Irú àìsàn ọmọ mi ló ń ṣe Ìtẹ́ náà, Abẹ́òkúta ni wọ́n sì ti ń gba oògùn tirẹ̀, nítorí kò sí ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọpọlọ nítòsí wa.

Ó ní, "Bàbá, oògùn ọmọ yìí ku ti ọjọ́ mẹ́ta. Owó tí ọlọ́kadà ń pè dé Ìlaròó níbi tí mo ti ń wọ ọkọ̀ Abẹ́òkúta, àfi bí ẹni pé ó fẹ́ ta ọ̀kadà náà fún mi. Ẹ má bínú o, ṣé àdúrà nìkan ló wo Bólúwadúró sàn? Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, màá jáwọ́ nínú oògùn."

Orí àpótí ìwé orin ni mo jókòó lé. Kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì ìjọ wà nínú àpò mi, epo sì wà nínú bọ́ọ̀sì náà. Mo ní, "Àdúrà nìkan ni, ìyá Ìtẹ́. Má ṣiyèméjì."

Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Bó ti jáde, Bólúwadúró yọ láti inú yàrá: "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n sáré lọ sọ fún wọn pé mo ń lo oògùn." Mo ní, "Ṣé o fẹ́ dójú tì mí láàárín ìjọ ni?" Ó padà sínú yàrá.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta tí Ìtẹ́ ti jáwọ́ nínú oògùn, kò sùn mọ́. Ní ọ̀sán gangan, ó jáde sí títì Owódé, ó ń kọrin. Ọkọ̀ onífàyàwọ́ tó kó ìrẹsì, tó ń sá fún àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù, ló gbá a pa. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni.

N kò tíì sọ èyí tó burú jù. Lẹ́yìn ìsìnkú, Málọmọ́ di aṣọ mi mú. "Bàbá, kí ni mo ṣe tí àdúrà tèmi kò fi gbà?" Mo wò ó lójú, mo ní, "Bóyá ìgbàgbọ́ rẹ ló mẹ́hẹ." Ohùn jẹ́jẹ́ ni mo fi sọ ọ́, bí olùṣọ́-àgùntàn rere.

Láti ìgbà náà, gbogbo Ọjọ́rú àti Ẹtì ló ń gbààwẹ̀ kí Ọlọ́run lè tún ìgbàgbọ́ rẹ̀ ṣe. Ẹ̀ ń yìn ín. Ó ti rù kan egungun.

Ẹ yọ ẹ̀rí mi kúrò nínú ìwé ìjọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ máa gbàdúrà, kí ẹ sì máa lo oògùn yín. Ọwọ́ Ẹnìkan náà ni méjèèjì ti wá. Kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì ti wà lọ́wọ́ Bólúwadúró. Ẹni tó bá fẹ́ lọ sí Abẹ́òkúta, kí ó lọ bá a.

Málọmọ́, n kò lẹ́nu láti ní kí o dárí jì mí, síbẹ̀ mo ń bẹ̀bẹ̀. Ìgbàgbọ́ rẹ kò mẹ́hẹ rí. Oògùn ọmọ rẹ ló tán, èmi ni mo sì ní kí o má wá òmíràn. Ọjọ́ Ìsinmi ni wọn yóò ka lẹ́tà yìí. Bí Ọjọ́rú bá dé, jọ̀wọ́, jẹun.