Ta Ni Yóò Gba Páànù Lọ́wọ́ Mi?

Ọ̀gbẹ́ni Crabbe, alága wa, ẹni tó ní, "Amos, má sọ̀rọ̀ pẹ́," tí òun fúnra rẹ̀ sì sọ̀rọ̀ títí oúnjẹ ìkórè fi tutù, Àlùfáà Meakin, ẹ̀yin àgbà tó jókòó ti iná, ẹ̀yin àlejò tó la ẹrẹ̀ kọjá láti abúlé kejì, ẹ̀yin èèyàn mi, mo kí yín.

Wọ́n ní orúnkún kì í ga ju ẹni tó ni ín lọ. Irọ́ ni. Tèmi ti di ọ̀gá mi. Òun ló ní kí n fi iṣẹ́ tí mo jogún lọ́wọ́ bàbá mi sílẹ̀, iṣẹ́ pé kí n máa ṣáájú yín lọ sóko ápù lóṣù kìíní ọdún, kí n lu páànù ìdáná yìí, kí n da ọtí ápù sídìí igi tó dàgbà jù, kí n fi búrẹ́dì tí a rẹ sínú ọtí há ẹ̀ka rẹ̀, kí n sì pariwo mọ́ ọn pé kó jí, kó so. Iṣẹ́ wo ló dùn tó ìyẹn?

Ẹ̀yin tí ẹ ń yìnbọn sókè kí ibi lè sá, ẹ kú iṣẹ́. Ibi sá, àwọn adìẹ mi náà sá, wọn ò sì padà. Òótọ́ ni pé ọtí tí mò ń mu ju èyí tí mò ń dà sílẹ̀ lọ. Ẹ foríjì mí. Igi ò fẹjọ́ sùn.

Ṣé ẹ rántí ọdún tí kùrukùru bolẹ̀, tí a kọrin, tí a yìnbọn, tí a da odidi àgbá ọtí tán, kó tó hàn sí wa pé igi óákù ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì la ń bẹ̀? Ápù ò so lọ́dún yẹn. Ṣùgbọ́n óákù! Èso rẹ̀ ń rọ̀ sórí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì bí òkò, a ò gbọ́ ìwàásù kankan títí òtútù fi dé. Àlùfáà, ẹ má bínú: ìgbà yẹn ni mo gbà pé àdúrà ń gbà.

Wàyí o, alága ní òun yóò gba ohùn mi sínú ẹ̀rọ, òun yóò sì gbé e kọ́ igi. Ó ní, "Igi ò ní mọ ìyàtọ̀." Alága, ìyàwó yín ńkọ́? Ṣé ẹ̀rọ ló ń bá yín kí i káàárọ̀? Bí ẹnikẹ́ni ò bá gba páànù yìí kí n tó jókòó, ẹ̀rọ ló jogún bàbá mi nìyẹn.

Ẹ má wo ilẹ̀. Hester Yandle, dìde. Láti kékeré lo ti ń pè wá ní wèrè. Ta ni mo rí lẹ́yìn ilé rẹ lóṣù kìíní tó kọjá, tó ń lu ìdérí ìkòkò lábẹ́ igi ápù?

Kí lo wí? Ológbò lò ń lé? Ológbò wo ló ń jẹ búrẹ́dì tí a rẹ sínú ọtí?

Ẹ dákẹ́, ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin tó wà lẹ́yìn, ṣé ẹ gbọ́? Ó ní ọkọ òun ló gbin igi náà kó tó kú. Igi náà ń gbẹ lọ, òun ò sì mọ ohun mìíràn tí òun lè ṣe.

Ṣé ó so, Hester? Ó so. Èso rẹ̀ kan bí ojú alága, ṣùgbọ́n ó so.

Ẹni tó lè pariwo mọ́ igi nígbà tí kò sẹ́ni tó ń wò ó, òun ni mò ń wá. Gba páànù. Lù ú.

Ẹ wo bí alága ṣe fò sókè! Ẹ̀rọ wo ló lè ṣe bẹ́ẹ̀?

Kí òtútù má pa òdòdó ápù yín. Kí orúnkún yín má di ọ̀gá yín. Hester, kí igi ọkọ rẹ so títí ẹ̀ka rẹ̀ yóò fi wá òpó tí yóò gbé e dúró. Ẹ bu ọtí fún mi. Tòní, mi ò ní da ẹ̀kán kan sílẹ̀. Ẹ ṣé o.