Ọ̀rọ̀ Tí Alfa Rán Mi sí Ọmọ Mi

"Ìyá Àfúsá, bí o kò bá sọ ọ́ fún un kí Iléyá tó dé, èmi fúnra mi yóò pè é." Ohun tí Alfa wa ní Gàmbàrí sọ fún mi lọ́jọ́ Ajé nìyẹn. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ̀wé sí ẹ̀yin abiyamọ tó ń ka ìwé ìròyìn yìí. Ó ti rẹ̀ mí.

Mo ti yí orúkọ ọmọ mi padà. Òun nìkan ni mo bí. Ó kàwé ẹnjiníà, ìjọba sì gbà á síbi ẹ̀rọ omi. Ní 1991, òun àti àwọn méjì tí wọ́n jọ kàwé kan àpótí onígíláàsì kan tí iná ń mú móoru, fún ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé. Wọ́n gba yàrá méjì ládùúgbò Tankẹ́, wọ́n fẹ́ dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀. Àfúsá rán mi sí Alfa pé kó ṣe ìsìtìkárà, kó bi Ọlọ́run bóyá kí òun fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀.

Mo ti lọ wo àpótí náà. Ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé bí wọ́n bá mú iná lọ, tí ọmọ ọlọ́mọ kú sínú rẹ̀, ọmọ tèmi ni wọn yóò mú. Mo sọ ọ́ fún un. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màámi, bátìrì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin náà lè sùn síbẹ̀ bí ẹ bá lè ká ẹsẹ̀ kò." N kò rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn ọjọ́ méje, Alfa ní, "Ó dára. Kó lọ. Kó máa ṣe sùúrù níbẹ̀." Ó ní ká fi mọ́sà ṣe sàráà, ká fi dúpẹ́.

Mo délé, mo ní, "Alfa ní kí o ṣe sùúrù."

Ẹ jọ̀ọ́, n kò fi kún un. Mo yọ lára rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ sùúrù lẹ́nu Alfa mọ̀ pé "má ṣe é" ni. Àfúsá bi mí bóyá ó tún sọ nǹkan mìíràn. Mo ní rárá. Irọ́ pátápátá nìyẹn. Mo dín mọ́sà náà, òun ló bá mi pín in fún àwọn ọmọ ilé kéú. Ó rò pé a fi ń lé ibi lọ ni.

Àwọn méjì yòókù dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ láìsí i. Ní oṣù tó kọjá, Àfúsá rí ọmọ kan nínú àpótí wọn ní ilé ìwòsàn. Ó ní òun gbé ọwọ́ lé gíláàsì náà, ó móoru. Kò ráhùn.

Àwọn méjì náà ti tún pè é báyìí pé kó wá bá wọn ṣe é. Lẹ́yìn Iléyá ni wọ́n ń retí èsì. Mo bi í ohun tó fẹ́ kọ sí wọn. Ó ní, "Màámi, ṣebí Alfa ti sọ̀rọ̀."

Lọ́jọ́ Ajé ni Alfa pàdé mi níbi ìsọmọlórúkọ, ó bi mí bí iṣẹ́ àpótí ọmọ mi ṣe ń lọ. Mo ní ibi ẹ̀rọ omi ló ṣì wà, ó sì yé e pé n kò jẹ́ iṣẹ́ òun pé.

Ẹ̀yin abiyamọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú mi. Ṣé kí n mú un lọ sọ́dọ̀ Alfa ni, àbí kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́? Bó bá jẹ́ èmi ni, ẹ kọ mí ní ọ̀rọ̀ tí n ó fi bẹ̀rẹ̀.