Òkè tí Wọ́n Fi Ṣòfò

Ní ìlà kẹ̀kẹ́ ní Egbeda ni mo ti gbọ́ ìyá ìjọ aláṣọ funfun kan àti ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ìjọ Mọ́mọ́nì tó fẹ́ fẹ́ ọmọ rẹ̀.

"Orí òkè Kumora, ní Amẹ́ríkà, ni áńgẹ́lì ti fún wòlíì wa ní ìwé wúrà, mà."

"Wúrà náà dà?"

"Áńgẹ́lì ti gbà á padà."

"Ta ló ń gbààwẹ̀ lórí òkè náà báyìí?"

"Èèyàn kàn máa ń lọ wò ó ni, mà."

"Ọmọ mi ò ní fẹ́ ará ìjọ tó ń fi òkè ṣòfò. Ṣé wọ́n á jẹ́ kí n lu agogo níbẹ̀?"

"Mi ò tíì kà á níbì kankan pé wọn ò ní gbà."

Mo yẹ gbólóhùn yẹn wò; kò sírọ́ nínú rẹ̀.

Ìyá wọ kẹ̀kẹ́, ó sún fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà. "Jókòó, àna mi."