Ìwé Ẹ̀bẹ̀ tí Nafeesah Bá Mi Kọ

Dókítà ti ní kí n pe ẹni tó bá yẹ kí n pè. Ẹ̀yin tí mo kọ́ níṣẹ́ olùkọ́ ni mo pè, torí bí mo bá gbé ọ̀rọ̀ yìí sínú kú, irọ́ ni gbogbo ohun rere tí ẹ bá sọ níbi ìsìnkú mi yóò jẹ́. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ẹ ti ń pè mí ní Màmá Ìbéèrè. Lónìí, ẹ óò mọ irú ẹni tí ẹ ń pè bẹ́ẹ̀.

Ẹ rántí iṣẹ́ mi ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Ìsọlọ̀. Bí a ṣe ń béèrè ìbéèrè tó ní láárí kí a tó bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ni mo ń kọ́ yín. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo máa ń kọ ọ́ gàdàgbà sójú pátákó: "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Báwo ló ṣe mọ̀?" Èmi ni mo ń sọ fún yín pé ìbéèrè tí èèyàn ti ki ìdáhùn rẹ̀ sápò kó tó jáde nílé kì í ṣe ìbéèrè. Mo mọ iṣẹ́ náà dáadáa, n kò ní fi ìyẹn pamọ́. Ohun tí ẹ kò mọ̀ ni pé ìwádìí tí mo fi gba oyè tí wọ́n torí ẹ̀ gbà mí síṣẹ́, mi ò bi ẹnì kankan léèrè ohunkóhun kí n tó kọ ọ́. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo bá igba ìyá ọlọ́jà sọ̀rọ̀ ní Òṣòdì, láàárín aago mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ mẹ́fà, àti pé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló ní àwọn kì í yẹ ìwé ọmọ àwọn wò. Irọ́ gbuu! Pálọ̀ mi lẹ́bàá Àgọ́ Palace ni èmi àti Abíọ́lá ọ̀rẹ́ mi jókòó sí, tí a ń fi bírò mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kọ ìdáhùn sínú àwọn fọ́ọ̀mù náà. Abíọ́lá ń fi ọwọ́ òsì kọ tirẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín: "Èyí ò kàwé púpọ̀, jẹ́ kí n kọ ọ́ wọ́gọwọ̀gọ." Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọmọ olùkọ́ láti Èkìtì ni mí, mo rò pé mo ti mọ ohun tí ìyá ọlọ́jà máa sọ.

Ọdún kẹsàn-án tí mo ń kọ́ni ni Nafeesah dé kíláàsì mi. Ìyá rẹ̀, Sẹ̀kínátù, ń ta bọ́tìnnì àti síìpù ní Òṣòdì. Obìnrin náà kò mọ̀wé, àmọ́ láti kékeré ọmọ yìí ló ti ń ní kó kàwé sókè fún òun nírọ̀lẹ́, tí òun á máa fi ìka tọ ọ̀rọ̀ náà lọ. Nafeesah rí ìwádìí mi ní láíbìrì. Ohun tí mo sọ nípa àwọn ìyá ọlọ́jà dùn ún, ó sì ṣe ohun tí mo kọ́ ọ: ó gbé ìbéèrè rẹ̀ lọ sọ́jà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀. Nígbà tó parí, ó wá sí ọ́fíìsì mi, ó rọra ti ilẹ̀kùn, ó kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ ma, ẹ má bínú. Ohun tó wà nínú ìwé yín yìí, ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Torí ọjà kì í ṣí láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kó tó di aago mẹ́wàá. Ìmọ́tótó ọjà tí ìjọba ń ṣe ni, ma. Gbogbo ìsọ̀ ló máa ń wà ní títì." Pẹ̀lú gbogbo ọdún tí mo ti lò l'Ékòó, mi ò mọ̀. Ọjọ́bọ̀ ni mo mú torí pé ọjọ́ yẹn ni mi ò níṣẹ́. Ọmọ náà ń wojú mi, ó ń retí pé màá ní ìdáhùn, torí ó fẹ́ràn mi. Mo ní kó yí àkòrí padà. Ó ní, "Ma, ẹ̀yin lẹ ní ká má sá fún ìbéèrè torí pé ó ń dẹ́rù bani."

Nígbà tí iṣẹ́ rẹ̀ dé iwájú ìgbìmọ̀ olùyẹ̀wò, mo dìde. Mo ní, "Ẹ̀yin àgbà, ọmọ yìí wá bá mi ní ọ́fíìsì, ó ní, 'Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?'" Ṣé ẹ rí ọgbọ́n burúkú? Ohun tó sọ náà ni. Mo kàn yọ "ẹ jọ̀ọ́ ma" kúrò níbẹ̀, mo yọ ìkúnlẹ̀ rẹ̀ kúrò. Gbogbo wọn ṣe háà! Ọ̀gbẹ́ni Olúbọ̀wálé tó jẹ́ alága bi í: "Ṣé o sọ bẹ́ẹ̀ àbí o ò sọ bẹ́ẹ̀?" Ó ní, "Mo sọ bẹ́ẹ̀ sà, àmọ́..." "Àmọ́ kẹ̀! Sí ẹni tó lè bí ẹ lọ́mọ?" Kò sí ẹni tó ṣí iṣẹ́ rẹ̀ wò mọ́.

Ibi tó burú jù ni mo ń bọ̀ yìí. Mo fa ọmọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo fi ohùn ìyá bá a sọ̀rọ̀: "Kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, màá bá ẹ bẹ̀ wọ́n." Mo ń sọ ọ́, ó ń kọ ọ́. Mo ní kó kọ pé òun kò bi ẹnikẹ́ni léèrè lọ́jà, pé inú ilé lòun jókòó sí tí òun ń fi bírò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kọ ìdáhùn wọn. Ó gbójú sókè. "Ma, mo lọ o." Mo ní, "Mo mọ̀. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kí àánú ẹ lè ṣe wọ́n." Ó kọ ọ́. Ìjẹ́wọ́ tèmi ni, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, orúkọ rẹ̀ ló wà nísàlẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo gbé e fún alága, òun ni wọ́n sì fi lé e kúrò nílé ìwé. Láti ọdún yẹn, ẹ ṣì ń pariwo "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" ní kíláàsì, àmọ́ kò sẹ́ni tó tún bi èmi.

Oṣù tó kọjá, mo ní kí wọ́n gbé mi lọ sí Òṣòdì. Ìdí bọ́tìnnì ìyá rẹ̀ ni mo bá Nafeesah. Mo sọ fún un pé mo ti kọ̀wé sí ilé ẹ̀kọ́ pé èmi ni mo parọ́, wọ́n sì fèsì pé wọn ò rí fáìlì rẹ̀ mọ́, kí n máa tọ́jú ara mi. Kò ya á lẹ́nu. Mo béèrè ìyá rẹ̀. Ó ní, "Wọ́n ti kú, ma. Nígbà tí ilé ìwé lé mi, tí wọ́n fún mi ní ẹ̀dà ìwé yẹn, màmá mi ní kí n kà á fáwọn. Wọ́n fi ìka tọ̀ ọ́ dé ìsàlẹ̀. Wọ́n ní, 'Ìṣojú mi lo ṣe lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀. Ta ló wá sọ bẹ́ẹ̀?' Mo ní èmi ni. Mi ò dárúkọ yín, torí wọ́n á wá bá yín ní Ìsọlọ̀, ẹ ó sì fi òyìnbó dójú tì wọ́n. Títí wọ́n fi kú, wọ́n ń bi mí." Mo ní ṣé ó lè dárí jì mí. Ó ní, "Ma, ẹ má bi mí ní nǹkan kan mọ́."

Mi ò wá tọrọ lọ́wọ́ yín ohun tí mi ò rí gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun kan ni mo fẹ́. Lọ́jọ́ ìsìnkú mi, tí wọ́n bá ń ka ìwà rere mi, kí ẹnì kan nínú yín dìde, kó béèrè pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹ ò ní dìde. Ẹ rí ohun tí ojú Nafeesah rí, èmi ni mo sì kọ́ yín.